Orí Ni Wọ́n Ń Kà, Àbí Owó? Àgbéyẹ̀wò Ìṣàkóso Blockchain Láti Ìpájà

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n yọ gbogbo àwọn olùtọ́jú àgbà 20 tó ń bójú tó blockchain tí wọ́n ń pè ní Steem nípò. Kò sí ẹni tó fọ́lé, kò sí ẹni tó jí kọ́kọ́rọ́. Ìbò ni wọ́n fi yọ wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà tó ń kọ àròkọ sórí Steem láyé ìgbà náà kò kéré, nítorí pé bí òǹkàwé bá dìbò fún ohun tí o kọ síbẹ̀, ìbò yẹn á di owó sí ọ lọ́wọ́. Àwọn náà jí, wọ́n bá a pé ìlú ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní oṣù kejì ọdún náà, Justin Sun tó dá Tron, blockchain mìíràn, sílẹ̀ ra Steemit, ilé iṣẹ́ tó dá Steem sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ yìí ti kó token rẹpẹtẹ, ìyẹn owó orí Steem tí wọ́n ń pè ní STEEM, pamọ́ fún ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ó sì ti ṣèlérí pé òun kò ní fi dìbò. Àwọn olùtọ́jú fura pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lè má ka ìlérí náà sí, ni wọ́n bá ti token yẹn pa kó má baà ṣeé lò. Sun kò bá wọn jiyàn púpọ̀. Àwọn ilé pàṣípààrọ̀ owó kírípítò ńlá mẹ́ta, Binance, Huobi àti Poloniex, fi STEEM tí àwọn oníbàárà kó sí wọn lọ́wọ́ dìbò gbè é lẹ́yìn. Ẹni tó jókòó sí Èkó, tó rò pé token òun ń sùn jẹ́jẹ́ níbi tí òun tọ́jú rẹ̀ sí, kò mọ̀ pé ó ti lọ dìbò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òun. Binance padà yọ ìbò tirẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta, àwọn ará àtijọ́ da gbogbo àkọsílẹ̀ náà kọ, wọ́n fo ìpín ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sọ ẹ̀dà tuntun ní Hive, wọ́n sì kó lọ. Àwọn tó kù sí Steem kò dárí jì wọ́n. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé STEEM tó lé ní mílíọ̀nù 23 tó jẹ́ ti àwọn tó ṣíwájú ìyapa náà.

Ìpolówó tí wọ́n máa ń ṣe fún irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì báyìí ni pé kò lọ́gàá, pé àwọn ará inú rẹ̀ ló ń ṣe ìjọba ara wọn. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ kan náà wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, kò sì sí ẹni tó lè dá nìkan yí ojú ewé kan padà. Àmọ́ ìwé kì í ṣòfin fún ara rẹ̀. Àwọn kan ní láti pinnu ìgbà tí wọn yóò tún kóòdù ṣe, ẹni tí wọn yóò sanwó fún nínú àpò, àti ohun tí wọn yóò ṣe bí olè bá wọlé. Ìpinnu yẹn ni mò ń gbé yẹ̀wò níhìn-ín, ìbéèrè kan ni mo sì ń bi gbogbo wọn: nígbà tí ẹ bá ń ka ìbò, kí ni ẹ ń kà?

Owó ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ń kà. Ẹni tó ní token 1 ní ìbò 1. Ẹni tó ní mílíọ̀nù 1 ní ìbò mílíọ̀nù 1. Kì í ṣe ìwà ìkà ló bí i. Ẹ̀rọ kò mọ ojú ènìyàn. Lórí blockchain kò sí NIN, kò sí káàdì ìdìbò, ẹnì kan ṣoṣo sì lè ṣí àpamọ́wọ́ 1,000 kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí wọ́n bá ní kí àpamọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan, alárékérekè kan ṣoṣo ni yóò dìbò fún gbogbo ayé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá ohun tí a kì í rí lọ́fẹ̀ẹ́: Bitcoin mú iná mànàmáná, àwọn tó pọ̀ nínú àwọn yòókù mú token. Ìṣòro gidi ni wọ́n dojú kọ. Ohun tí ojútùú wọn bí ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Bitcoin tilẹ̀ kò ní ìdìbò tí a lè pè bẹ́ẹ̀. Satoshi Nakamoto, tí ayé kò tíì mọ ojú rẹ̀, fi ìwé rẹ̀ síta ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2008. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 2009, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí Satoshi fi yẹra. Láàárín ọdún 2015 sí 2017, ìjà ńlá dé lórí bóyá kí wọ́n fẹ ìwọ̀n block kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ojú ewé àkọsílẹ̀ náà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá àti àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń wa bitcoin fẹnu kò ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, nínú ìpàdé kan ní New York, pé àwọn yóò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Àwọn ènìyàn lásán tó ń tọ́jú ìwé náà sórí kọ̀ǹpútà ara wọn kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ní gba irú block bẹ́ẹ̀ wọlé. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ, apá kan yapa lọ di Bitcoin Cash. Ní oṣù kọkànlá, àwọn tó ṣe àdéhùn New York fúnra wọn pa á tì. Agbára tí mẹ̀kúnnù ní níbẹ̀ ni agbára láti kọ̀. Èmi kò fojú kéré rẹ̀ o. Ó ju ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọba ń fún wa lọ.

Ti Ethereum yàtọ̀. Vitalik Buterin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú u sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2015, kò sì tíì pé ọdún kan tí àdánwò fi dé. Àwọn ènìyàn ti dá nǹkan bí mílíọ̀nù 150 dọ́là sínú àpò àjọní kan tí wọ́n ń pè ní The DAO, tí ìbò àwọn tó dá owó yóò máa darí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2016, ẹnì kan rí ihò nínú kóòdù rẹ̀, ó sì fa ether, owó Ethereum, mílíọ̀nù 3.6 jáde. Kóòdù ni òfin, ohun tí wọ́n ti ń kọ lórin nìyẹn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni yìí kò ṣẹ̀, nítorí ohun tí kóòdù gbà ló ṣe. Ṣùgbọ́n owó ńlá ni, ojú olówó sì ti pọ́n. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje, wọ́n tún àkọsílẹ̀ ṣe, wọ́n dá owó padà fún àwọn tó ni ín. Àwọn tó ní ohun tí a bá ti kọ, kí a má pa á rẹ́, dúró sórí ti àtijọ́; òun ni Ethereum Classic títí dòní. Ó dára lójú tèmi tí wọ́n dá owó olówó padà. Ohun tí n kò gbà ni kí wọ́n tún máa sọ pé ẹ̀rọ ló ń ṣèdájọ́ níbẹ̀. Ènìyàn ló jókòó, ènìyàn ló pinnu.

Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ tí token ń darí ti pọ̀ bí eṣú, àléébù kan náà ló sì ń yọjú. Ní ọdún 2022, ilé iṣẹ́ Chainalysis yẹ mélòó kan nínú àwọn ńlá wọn wò, ó sì rí i pé àwọn tí kò tó ẹnì kan nínú 100 tó ní token ló di ìdá 90 nínú 100 agbára ìdìbò mú. Ọ̀kan nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, Beanstalk, rí tirẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún yẹn. Ẹnì kan ti kọ àbá kan sílẹ̀ fún ìdìbò. Lọ́jọ́ kejì ó yá nǹkan bí bílíọ̀nù kan dọ́là, irú ẹ̀yáwó tí wọ́n ń gbà tí wọ́n sì ń san padà nínú ìdúnàádúrà kan ṣoṣo, ó fi ra ìbò tó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, ó dìbò pé kí wọ́n kó àpò ẹgbẹ́ fún òun, ìbò wọlé, àpò ṣí, ó san gbèsè, ó lọ. Mílíọ̀nù 182 dọ́là ni ẹgbẹ́ pàdánù. Ó tilẹ̀ fi 250,000 dọ́là ta Ukraine lọ́rẹ nínú ìbò kan náà. Ó ń ṣàánú, ó ń jalè!

Ti ẹgbẹ́ Compound ní oṣù keje ọdún 2024 kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun gan-an ló yẹ kó dẹ́rù bà wá. Ìbò 682,191 sí 633,636 ni àwọn olówó kan fi mú àbá wọlé pé kí wọ́n darí token 499,000, tó tó mílíọ̀nù 24 dọ́là, láti inú àpò ẹgbẹ́ sí ibi tí àwọn fúnra wọn dá sílẹ̀. Kò sí ẹ̀yáwó, kò sí ihò nínú kóòdù. Wọ́n ra token, wọ́n dúró de ìgbà tí àwọn ènìyàn kò fọkàn sí i, wọ́n sì dìbò. Àwọn aṣáájú Arbitrum, nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, kò tilẹ̀ dúró de ìbò ní tiwọn: ní ọdún 2023, wọ́n gbé àbá wá pé kí àwọn ará fọwọ́ sí token mílíọ̀nù 750 fún àjọ tó ń darí ibẹ̀, ó sì hàn síta pé wọ́n ti ń ná nínú rẹ̀ kí ìdìbò tó parí. Wọ́n ní ìfọwọ́sí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni àwọn ń bèèrè. Ta ni irú èyí jẹ́ tuntun sí ní Nàìjíríà?

The Graph ló bá ọ̀rọ̀ wa mu jù, nítorí iṣẹ́ àkọsílẹ̀ gan-an ló ń ṣe. Blockchain kún fún ìsọfúnni, ṣùgbọ́n wíwá ohun kan jáde nínú rẹ̀ le. The Graph, tó bẹ̀rẹ̀ ní gbangba ní oṣù kejìlá ọdún 2020, kó àwọn tó ń ṣe atọ́ka sí i jọ, kí áàpù èyíkéyìí lè bi wọ́n léèrè kó sì rí ìdáhùn kíá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe atọ́ka ní láti fi GRT, token rẹ̀, tí kò dín ní 100,000 dógò. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a lè gbé tirẹ̀ sẹ́yìn aṣàtọ́ka kan kó sì pín nínú èrè. Ẹnikẹ́ni lè dá àbá, àwọn ará lè sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 10 ló di kọ́kọ́rọ́ mú, ó sì di kí àwọn 6 fọwọ́ sí i kí nǹkan tó yí padà. Àwọn kan ń bú irú ètò yìí pé ìjọba àwọn díẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Lójú tèmi, ó sàn kí a mọ àwọn 10 tí a lè bi léèrè ju kí a máa pariwo pé gbogbo ayé ló ń ṣàkóso, nígbà tó jẹ́ pé olówó 5 tí a kò mọ̀ ló wà nídìí rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ọlọ́pọ̀ ọwọ́ ní ewu tirẹ̀ náà. Ronin, tí àwọn eléré Axie Infinity ń lò, ní olùfọwọ́sí 9, 5 nínú wọn sì tó láti ṣí àpò. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló di 4 mú, wọ́n sì ti yá a ní àṣẹ ẹ̀karùn-ún ní òpin ọdún 2021, wọn kò gbà á padà. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn olè wọ ibẹ̀, wọ́n kó ether 173,600 àti dọ́là orí ẹ̀rọ USDC mílíọ̀nù 25.5. FBI ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará North Korea ni. 9 wà lórí ìwé, ilé kan ló wà lẹ́yìn wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wálé. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ jù ní ìpínlẹ̀ Èkó. Láti ọdún 2003 ni Ayọ̀bọ́-Ìpájà tó wà nínú rẹ̀ ti ní LCDA tirẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ń gbé Ìpájà mọ̀ pé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ni ìjọba tó sún mọ́ òun jù: owó géètì, owó ọlọ́dẹ, owó gọ́tà, owó tiransifọ́mà, inú ìpàdé wọn ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Ìbéèrè tí mò ń bi Ethereum ti di ìjà níbẹ̀ tipẹ́. Ṣé onílé nìkan ló ní ohùn, àbí ayálégbé náà ní? Ẹni tó kọ́ ilé 4 sí àdúgbò kan, ṣé ìbò 4 ni tirẹ̀? Ẹgbẹ́ àwọn láńlọ́ọ̀dù ní ìdáhùn tirẹ̀. CDA, tó yẹ kó jẹ́ ti gbogbo olùgbé, ní tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò àwọn méjèèjì ti lọ́ pọ̀, ayálégbé ń sanwó, onílé ń sọ̀rọ̀. Kọ́párétíìfù ló ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ìlànà tí Nàìjíríà gbà wọlé pẹ̀lú òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọdún 1935 ni pé ẹnì kan, ìbò kan, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún náírà lo fi pamọ́ tàbí mílíọ̀nù. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè ka orí ni pé wọ́n mọ orí. Kò sí ẹni tó lè gbé ojú 1,000 wá sí ìpàdé.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí blockchain ti jù wá lọ, n kò sì ní bò ó. Àwọn ará Steem kó àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n lọ. Àwa kò lè da àdúgbò kọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí kànga àwọn ará Bárúwà ní Ìpájà ti ń mú òórùn bẹntiróòlù jáde nítorí páìpù epo tó jò sínú ilẹ̀. Wọn kò lè gbé ilẹ̀ wọn lọ síbòmíràn kí wọ́n fi epo sílẹ̀. Ẹni tó lè yapa láìpàdánù ohun ìní rẹ̀ ní agbára tí ẹgbẹ́ onílé kankan kò lè fún un.

Níbo wá ni àwa wà nínú gbogbo èyí? Nínú òǹkà Chainalysis ti ọdún 2023 àti ti 2024, Nàìjíríà ló ṣe ìkejì ní gbogbo àgbáyé nínú lílo owó kírípítò. Láti ọdún 2019 ni Web3Bridge ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ní iṣẹ́ kóòdù rẹ̀. Lílò kì í ṣe ìṣàkóso. Ẹni tó ń gba dọ́là orí fóònù ní Ìyànà Ìpájà láti fi sá fún ìjábọ́ náírà kò ní ìbò kankan nínú ẹgbẹ́ tó ń darí ohun tó ń lò. Ẹni tó bá sì fẹ́ jẹ́ olùtọ́jú lórí Ethereum fúnra rẹ̀ ní láti fi ether 32 dógò, kí ẹ̀rọ rẹ̀ má sì sùn, nítorí pé wọ́n ń gé owó ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kú. Ẹ fi iná wa wé e. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji.

Ìjọba náà kò jẹ́ kó rọrùn. Lásìkò ìwọ́de EndSARS ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí báńkì ti ojú ọ̀nà owó pa, Bitcoin ni Feminist Coalition fi ń gba ìrànwọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló mọ ìwúlò owó tí kò lọ́gàá láti ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ ní kí àwọn báńkì má ṣe ní nǹkan ṣe pẹ̀lú kírípítò mọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, wọ́n gbé eNaira jáde, àkọsílẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Abuja. Ó di oṣù kejìlá ọdún 2023 kí wọ́n tó tú òfin àkọ́kọ́ ká. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, lẹ́yìn tí ìjọba ti mú àwọn ọ̀gá Binance méjì, ilé iṣẹ́ náà yọ náírà kúrò pátápátá. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan blockchain kankan. Ẹnu géètì ni wọ́n tì. Òfin ìdókòwò ọdún 2025 ti wá fi ohun ìní orí ẹ̀rọ sábẹ́ àjọ SEC, ìyẹn dára. Àmọ́ CAMA, òfin ilé iṣẹ́ ọdún 2020, mọ kọ́ńpìnnì, ó mọ ẹgbẹ́ tó ní alágbàtọ́. Kò ní ààyè tó yàn fún ẹgbẹ́ tí kóòdù ń darí. Kí ẹni tó ń fi token dìbò láti yàrá rẹ̀ ní Ayọ̀bọ́ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn án. Ní Amẹ́ríkà, àjọ CFTC gbé Ooki DAO lọ sí kóòtù ní ọdún 2022, ó sì jiyàn pé ẹnikẹ́ni tó bá ti fi token rẹ̀ dìbò ti di ọmọ ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, kóòtù ní kí Ooki san ìtanràn 643,542 dọ́là.

Àwọn kan ti ń gbìyànjú láti ka orí. Optimism dá ilé méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún token, èkejì fún àwọn ará tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan. Gitcoin pín owó lọ́nà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó dá kékeré lágbára ju ẹnì kan tó dá ńlá lọ, kíá ni àwọn aláyédèrú sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ara wọn di ọ̀pọ̀. Cardano ṣe àpérò òfin rẹ̀ ní Buenos Aires àti Nairobi lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Inú mi dùn pé Áfíríkà wà níbẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n dìbò sí òfin náà, ìwọ̀n owó ni wọ́n tún padà sí. Worldcoin ní tirẹ̀ fẹ́ fi ẹyinjú mọ ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Kenya dá a dúró ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé ẹjọ́ gíga ibẹ̀ sì pàṣẹ ní ọdún 2025 pé kó pa àwòrán ojú tó ti gbà rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ka orí lórí ẹ̀rọ, ẹ ní láti fi orí yín hàn án, ibẹ̀ ni gbogbo wọn há sí.

Ìdájọ́ tèmi nìyí. Blockchain dára púpọ̀ fún pípa ìwé mọ́, kò sì dára rárá fún kíka ìbò àwọn tí kò lówó. Bí CDA kan ní Ìpájà bá fẹ́ lò ó, kí wọ́n fi ìwé owó wọn sí i, kí ayálégbé àti onílé lè rí iye tó wọlé àti iye tó jáde láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ akápò. Kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ àpò sọ́wọ́ ènìyàn 5 láti ilé 5 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí 3 máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, kí wọ́n sì gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tí sáà rẹ̀ bá ti parí. Kí wọ́n má ta token fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sì máa nawọ́ dìbò nínú ìpàdé bí wọ́n ti ń ṣe.